ORÚKỌ NI ÌNÍ: Ọ̀RỌ̀ NÍPA ỌTÍ JEREZ ÀTI ÀWỌN TÍ Ń FOJÚ TẸ́ŃBẸ́LÚ RẸ̀



Nínú àwọn ènìyàn wa tí ń rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Spéìn, àwọn kan a máa yà sí ìlú Jerez de la Frontera ní apá gúúsù, láti wo àwọn ilé ọtí àtayébáyé tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní bodega, kí wọ́n sì tọ́ ọtí àjàrà wọn wò. Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá padà dé ni ó mú mi gbé kálàmù. Àwọn kan ní àgbá dúdú ni àwọn rí, ife kékeré ni wọ́n sì fi bu ọtí fún àwọn. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni Ọlọ́run bùkún, kò sí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kẹta, tí wọ́n kàwé ju àwọn yòókù lọ, ni wọ́n sọ èyí tí ó burú jù: wọ́n ní asán ni ariwo tí àwọn ará Jerez ń pa lórí orúkọ ọtí wọn, nítorí pé ọjà ni ènìyàn ń rà, kì í ṣe orúkọ. Mo lòdì sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bèèrè pé, kí ni ó pa àlùfáà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọtí? Ìdáhùn mi kò gùn. Ọ̀mùtípara kò ní alágbàwí lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ètè kan ife ní Tábìlì Olúwa kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àjàrà kò kan òun. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn àti ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe mímu. Ẹni tí kò bá fẹ́ mu ún, kí ó má ṣe mu ún. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí wọ́n ní ilẹ̀ nìkan ni ó ṣe é lóhùn. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Jerez ṣàrà ọ̀tọ̀. Albariza ni wọ́n ń pè é. Ó funfun bí ẹfun, a máa fa omi òjò ìgbà òtútù sínú, a sì máa pa á mọ́ fún gbòǹgbò àjàrà di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í kọ́lé. Ta ni ó kọ́ àwọn ilé gíga wọ̀nyí, tí ògiri wọn nípọn, tí fèrèsé wọn wà lókè, kí atẹ́gùn òkun lè wọlé kí oòrùn má sì ráyè wọ̀ ọ́? Ta ni ń wọ́n omi sí ilẹ̀ inú wọn kí ooru má baà mú? Àjàrà tí wọ́n ń pè ní Palomino, bí a bá fún un lásán, ọtí rẹ̀ kò ní òórùn tàbí adùn tí ènìyàn lè torí rẹ̀ rìn jìnnà. Ọgbọ́n àwọn ará Jerez ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá kiri.

Ẹ wo ọgbọ́n náà. Àgbá tí ó lè gba 600 líítà, nǹkan bí 500 péré ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, nítorí pé ìwúkàrà kan wà tí ń hù sójú ọtí náà bí awọ funfun. Flor ni wọ́n ń pè é, èyí ni òdòdó. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ọtí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí fino, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, tí kò sì ládùn ṣúgà rárá. Nígbà tí agbára ọtí bá wà ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, flor a máa gbilẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọtí líle kún un títí ó fi dé 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, flor kò lè gbé ibẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ yóò kan ọtí náà, yóò sì pọ́n di oloroso. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ flor tí ó sì parí láìsí i ni amontillado.

Nígbà tí àkókò àti ta ọtí bá tó, inú àwọn àgbá ìlà ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní solera, ni wọ́n ti ń bù ú, wọn kì í sì í bù ú tán. Díẹ̀ ni wọ́n ń mú. Wọn a fi ọtí ìlà kejì dí àyè rẹ̀, wọn a fi ti ìlà kẹta dí ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ọdọ̀ ọtí tuntun. Criadera ni wọ́n ń pe àwọn ìlà òkè, èyí tí ó túmọ̀ sí ibi ìtọ́jú ọmọ. Àgbà ń tọ́ èwe, èwe sì ń sọ àgbà dọ̀tun. Mo bi ẹni tí ó ní kò sí ọgbọ́n níbẹ̀ pé, ilẹ̀ wo ni ó ronú irú èyí?

Ní ti ẹni tí ó ní àgbá dúdú ni òun rí, ojú rẹ̀ là ṣùgbọ́n kò ríran. Níwájú rẹ̀ ni ọkùnrin kan ti na ife kékeré ọlọ́pàá gígùn, tí wọ́n ń pè ní venencia, sínú àgbá, tí ó gba àárín flor kọjá láìdà á rú, tí ó sì da ọtí láti òkè orí rẹ̀ sínú gíláàsì. Nínú ilé González Byass, wọ́n a máa gbé àkàbà kékeré ti gíláàsì ọtí dídùn kan fún àwọn eku. Àlejò a rẹ́rìn-ín eku, a sì gbàgbé láti bèèrè ohun tí ó ju eku lọ. Ì bá bèèrè, wọn ì bá sọ fún un pé Manuel María González, tí ó dá ilé náà sílẹ̀ ní 1835, fi orúkọ arákùnrin ìyá rẹ̀ sọ ọtí fino rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin náà ni ó tọ́ ọ sọ́nà nínú ọ̀rọ̀ ọtí. Ìdí nìyí tí ayé fi ń pe ọtí náà ní Tío Pepe títí di òní olónìí. Àbí bíbọ̀wọ̀ fún olùkọ́ ẹni kò yẹ ní rírí bí?

Wàyí o, mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ pé orúkọ kò jẹ́ nǹkan. Ní ìgbà tí àwọn Lárúbáwá ń ṣe àkóso, Sherish ni wọ́n ń pe ìlú Jerez. Ní 1264 ni Ọba Alfonso Kẹwàá gbà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ orúkọ náà, ahọ́n wọn sì sọ ọ́ di sherry. Nígbà tí Francis Drake kọlu èbúté Cádiz ní 1587, ọtí yìí wà nínú ìkógun tí ó kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà sì di ewu fún ẹni tí a fẹ́ràn. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ra omi àjàrà tí a ti sè ki láti ilẹ̀ mìíràn, wọ́n pò ó mọ́ omi ní ilé wọn, wọ́n sọ ọ́ di ọtí, wọ́n sì kọ "British Sherry" sí ara ìgò. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, Ọsirélíà àti Kípírù ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: wọ́n fún àjàrà tiwọn, wọ́n sì fi orúkọ Jerez tà á.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ dá ẹjọ́ ní 1967. Ó ní òótọ́ ni: sherry, bí a bá pè é bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kún un, ọtí Jerez nìkan ni. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí ń tà "British Sherry" àti irú rẹ̀ lè máa bá a lọ, nítorí pé àwọn ará Jerez ti mọ̀ nípa rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ o! Kò sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Kò sọ pé orúkọ náà kì í ṣe tiwọn. Dídákẹ́ wọn ni ó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, lábẹ́ òfin àjọ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, kí a tó fòpin sí "British Sherry". Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Àdéhùn ọdún 2006 ṣì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ń lo orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Bí orúkọ kò bá jẹ́ nǹkan, èé ṣe tí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí fi jà fún un tó bẹ́ẹ̀? Èé ṣe tí wọn kò fi orúkọ baba tiwọn sọ ọtí wọn? Olè kì í jí ohun tí kò níye lórí.

Àwọn alátakò mi yóò ní: "Ṣe bí àwọn àjèjì náà ni wọ́n ni Jerez? Lọ wo ara ògiri: Osborne, Sandeman, Harvey, Byass. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni." Wọ́n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Àlejò mú owó wá. Àwọn mìíràn fẹ́ aya níbẹ̀, wọ́n sì di ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n láti 1933 ni Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ orúkọ Jerez ti wà, ní 1935 ni ìlànà rẹ̀ sì jáde. Àwọn àgbẹ̀ àjàrà àti àwọn onílé ọtí ni wọ́n jọ jókòó nínú rẹ̀. Ó pa ààlà ilẹ̀ tí àjàrà gbọ́dọ̀ ti wá, ó sì sọ iye ọdún tí ọtí gbọ́dọ̀ lò nínú àgbá. Ìbáà ṣe Osborne, ìbáà ṣe González, òfin kan náà ni ó de wọ́n. Kì í ṣe owó àlejò ni ń pa ìlú run. Àìní òfin onílé ni.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé àwọn ará Jerez jẹ́ áńgẹ́lì. Àwọn ará Spéìn kan náà ti ta ọtí onífòófó wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ orúkọ Champagne ti àwọn Faransé, títí kóòtù fi dá wọn lẹ́kun ní 1960. Nínú ilé pẹ̀lú, àwọn kan sọ ọtí Jerez di ọ̀pọ̀ nítorí èrè kíákíá. Ilé-iṣẹ́ Rumasa ra ilé ọtí lórí ilé ọtí, ó sì fa iye owó ọtí wálẹ̀, kí ìjọba Spéìn tó gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà ni wọ́n hú lẹ́yìn náà. Nítorí náà, òfin lè lé olè ìta jáde. Kò lè gba ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ là.

Ohun kan sì kù tí àwọn amọ̀nà kì í sábà sọ fún àlejò. Wọn a sọ ti Ọbabìnrin Isabel Kejì tí ó bẹ Jerez wò ní 1862. Ta ni yóò sọ ti àwọn alágbàṣe tí ń tú ilẹ̀ funfun náà lábẹ́ oòrùn? Ní òru ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn wọ ìlú náà nítorí ebi àti ìyà. Ní oṣù kejì, wọ́n pa mẹ́rin nínú wọn ní gbangba. Òǹkọ̀wé Vicente Blasco Ibáñez fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, La bodega, ní 1905. Ẹni tí ó bá lọ sí Jerez, kí ó bèèrè wọn. Orúkọ tí a ṣọ́ fún olówó nìkan, ìdajì orúkọ ni.

Ẹ̀yin àgbà, kí ni èyí kàn wá sí? Ẹ lọ sí ọjà, kí ẹ wo aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè, tí a kò fi okùn dì, tí a kò fi lẹ́ẹ̀ẹ́rẹ́ ẹ̀kọ yà, tí kò fojú kan ìkòkò aró rí, tí a sì ń pè ní àdìrẹ. Àwa ni a ń rà á, àwa ni a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wa. Bí adájọ́ kan bá bi wá lọ́la pé, "Ìgbà wo ni ẹ ti mọ̀, kí ni ẹ sì sọ?", kí ni ìdáhùn wa? Kò tó kí Ọba kàn pàṣẹ láti òkè. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró òyìnbó ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláró kò gbà, wàhálà sì ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ Jerez ń kọ́ wa pé àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó níbi tí a ti ń ṣe òfin iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí Ẹgbẹ́ yìí pe àwọn ìyá aláró jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ohun tí àdìrẹ jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe àdìrẹ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu wọn ti sọ ọ́, kí àwọn Ìjòyè sì gbé ìwé náà síwájú àwọn tí ń ṣe òfin. Kí àwa tí a mọ̀wé má ṣe pe ayédèrú ní orúkọ ojúlówó mọ́, ìbáà ṣe nínú ilé wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí ohùn wa ṣì ń wúlò, kí a má baà jẹ́ ẹni tí a ó fi ìdákẹ́ ara rẹ̀ dá lẹ́bi.