Àpótí Tó Ń Jẹ Owó Ilé

Yàrá kan ni àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Múṣin, òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ń wá ọ̀nà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí n lè jókòó, mo fi ojúgun gbá àpótí kan tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá mi," ló wí. "Kò sí ẹni tí kì í gbá a nínú ilé yìí."

Mo wo orí àpótí náà. Àtùpà tí à ń ṣáàjì kan, agolo rọ́ọ̀bù kékeré, àti ṣájà fóònù tí wáyà rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra. Ó tán. Torí àtùpà tí kò ga ju ife omi lọ ni wọ́n ṣe yọ̀ǹda ilẹ̀ fún àpótí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni yàrá wọn, èyí tó jẹ́ 120 bí a bá pín ilẹ̀ náà sí ẹsẹ̀ kan kan níbùú lóòró. 360,000 náírà ni wọ́n ń san lọ́dún. Ìyẹn ni pé 3,000 náírà lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àpótí náà jẹ́ ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ níbùú àti lóòró, nítorí náà ó gba 2.25 nínú ilẹ̀ yàrá. Owó ilé àpótí nìkan lọ́dún kan jẹ́ 6,750 náírà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀n-ẹ́n? Òun náà wá di ayálégbé."

Irú àpótí yìí nídìí tó fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láyé àwọn ìyá wa. Lántánì ni wọ́n ń tàn, kẹrosíìnì ló sì wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá gbé e sórí ohun tó tẹ́jú, yóò dojú dé. Bí ó bá sún mọ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ilé á jó. Nígbà tí gílóòbù dé, ooru rẹ̀ pọ̀ tó láti jó aṣọ tó bá fara kàn án. Iná ní láti dúró níbì kan, kó jìnnà sí ara. Ṣùgbọ́n iná LED tí à ń tàn báyìí kò ní ọwọ́ iná, kò ní epo, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì fúyẹ́. Ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014 nítorí LED aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣe, tó jẹ́ kí a lè rí iná funfun látara rẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ ṣeé so, ó ṣeé lẹ̀, ó ṣeé fi kọ́ orí ibùsùn. Lántánì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa, àpótí rẹ̀ ló ṣì jókòó, tí à ń sanwó ilé fún.

Ẹnì kan lè ní kí a tan gílóòbù àjà nìkan, kí a gbàgbé àtùpà. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sùn nínú yàrá kan náà. Owó iná náà sì tún ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, láti 68 náírà lọ sí 225 náírà fún yúnìtì kan. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wọ́ọ̀tì tí a bá ń tàn fún wákàtí márùn-ún lálẹ́ yóò jẹ yúnìtì 9 lóṣù: 2,025 náírà ní iye owó ìgbà yẹn. LED oní-3 wọ́ọ̀tì, ní iye wákàtí kan náà, kò ní jẹ ju nǹkan bí 101 náírà lọ.

Mo lọ sí ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́ láti ra iná LED tí yóò bá yàrá náà mu. Onílé wọn kì í gbà kí ayálégbé gbẹ́ ògiri, nítorí náà iná tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri kò lè ṣe é. Èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ńkọ́? Mo ti lẹ ọ̀kan rí nílé mi. Lóru ọjọ́ kẹta ó já lu ìrọ̀rí mi pẹ̀lú ẹ̀fun ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wá wù mí ni èyí tó ní ẹnu bíi pẹ́ẹ̀gì tí à ń fi sá aṣọ, tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Dádì, ẹ mú èyí," ni ọmọkùnrin tó ń tajà wí, ó na ọ̀kan tí owó rẹ̀ kéré sí mi.

Mo yí i padà. Ẹnu plọ́ọ̀gì ló jáde lára rẹ̀, irú èyí tí a máa ń kì bọ ojú iná ara ògiri tààrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì olójé ló máa ń wà nínú irú ìyẹn, bí a bá sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣáàjì, ó lè kú nìyẹn. Ẹni tí kò lówó ló máa ń rà á, òun náà ló máa tún padà wá rà á kí ọdún tó yí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i. Mo ní kó fún mi ní èyí tí à ń fi ṣájà fóònù ṣáàjì, tí wọ́n kọ lítíọ́mù sí lára. Mo fi àtàǹpàkò fún ẹnu pẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wò; irin tó wà nínú rẹ̀ le dáadáa. Mo tún ní kó tàn án. Kì í ṣe iná funfun bíi ti ọsibítù, ó pọ́n díẹ̀ bí iná alẹ́.

A fi iná náà há etí pákó orí ibùsùn àbúrò mi lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí bọ́ sí kọ́rídọ̀. Kúlà ló wà níbi tí àpótí náà wà tẹ́lẹ̀ báyìí, òun ni àbúrò mi fi ń ta omi tútù àti sóbò fáwọn ará ilé. Lálẹ́, ó máa ń tẹ ọrùn iná náà sísàlẹ̀ kó lè ka owó ọjọ́ náà lórí itan rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í dé ojú ọmọ.