Ẹ Má Tètè Fi Àjẹ́ Hàn Wá

Eré tí Dúró Ládípọ̀ fi ṣí ilé àṣà Mbari Mbayo ní Òṣogbo lọ́dún 1962, eré ẹ̀rù ni. Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá dárúkọ Ládípọ̀ lónìí, Ọba Kò So ló máa ń kọ́kọ́ wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn, torí eré yẹn ló gbé Ládípọ̀ dé Berlin ní 1964, a ò sì lè gbàgbé Ṣàngó tó ń yọ iná lẹ́nu. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí iná ẹnu Ṣàngó. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti bí a ṣe ń gbé ọkàn òǹwòran sókè tí a ò sì ní tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìtàn Ọba Mọ́rọ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn onífíìmù wa padà lọ yẹ̀ wò.

Nínú ìtàn náà, Aláàfin Abípa fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti dáko, ara ti tù wọ́n. Wọn ò sì lè wo ojú ọba kí wọ́n ní àwọn ò lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó àfín, abuké àti aràrá inú agbo ilé wọn jọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ fara pamọ́ sórí òkè ní ìlú àtijọ́ yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí wọ́n tan ògùṣọ̀, kí wọ́n máa rìn káàkiri, kí wọ́n sì máa pariwo pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn tí ọba rán lọ tún ibẹ̀ ṣe gbọ́ igbe, wọ́n rí iná tó ń rìn nínú òkùnkùn, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kí ni wọ́n rí gan-an? Iná, àti ohùn. Wọn ò rí ojú, wọn ò rí eyín, wọn ò rí èékánná. Ká ní ọ̀sán gangan ni, tí àwọn tó wà lórí òkè sì jáde sí gbangba, wọn ì bá kí ara wọn ni, kí wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: láyé òde òní, a ò gbọdọ̀ sọ àfín tàbí abuké di iwin nínú fíìmù kankan. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ ló fi hàn pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, iṣẹ́ ni wọ́n rán wọn.)

Apá kejì ìtàn náà ni mo fẹ́ràn jù. Abípa rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà láàyè. Ọba kò pariwo. Ó jẹ́ kí àwọn ìjòyè wá sí ààfin bí wọ́n ṣe máa ń wá, ó jẹ́ kí wọ́n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ọtí fún wọn. Ẹni tí olúkúlùkù ìjòyè rán lọ dẹ́rù bani, òun ló gbé igbá ọtí wá síwájú rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Kò sí idà, kò sí igbe. Àwọn ìjòyè mọ̀ pé ọba ti mọ̀, wọn ò mọ ohun tó máa ṣe. Ẹni tó ń wòran ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí igbá àkọ́kọ́ tó wọlé, ojú àwọn ìjòyè nìkan ló kù tó ń wò. Ẹ̀rù ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ó ti jókòó sáàárín àwọn tó dá a sílẹ̀.

Alfred Hitchcock, ọkùnrin tó ṣe Psycho ní 1960, ní àlàyé kan tó bá èyí mu. Ó ní bí àdó olóró bá wà lábẹ́ tábìlì tí ènìyàn méjì ti ń tàkúrọ̀sọ, tí àwa òǹwòran ò sì mọ̀, tó bá bú, àyà wa á já fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó tán. Ṣùgbọ́n bí a bá ti rí ẹni tó gbé e síbẹ̀, tí a sì mọ ìgbà tó máa bú, ọ̀rọ̀ lásán tí àwọn méjì yẹn ń sọ á máa gún wa lára fún odindi ìṣẹ́jú 15.

Àwọn ìyá àgbà tó ń pàlọ́ mọ èyí kí a tó bí Hitchcock. Nínú àlọ́ Olúrónbí, àwọn yòókù jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn fún ìrókò, Olúrónbí jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ ti mọ ohun tó wà lábẹ́ tábìlì. Orin tí a máa ń dá tí a máa ń gbè, ṣe ló ń dá ìtàn dúró nígbà tí gbèsè ò dúró. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣorò sì mọ èyí tó le jùyẹn lọ. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń gbọ́ ohùn orò tó ń sún mọ́ tòsí, kò nílò kí wọ́n fi ohunkóhun hàn án. Ní 1974 tí Steven Spielberg náà ń ṣe fíìmù Jaws, ẹja àtọwọ́dá rẹ̀ ń bà jẹ́ lójoojúmọ́ nínú omi òkun, ló bá di dandan kó fi ẹja pamọ́, kó sì jẹ́ kí orin John Williams máa ṣojú rẹ̀. Ohun tó bà jẹ́ ló tún fíìmù náà ṣe.

Nílé níbí ńkọ́? Ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo ni Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ti kọ́ṣẹ́ kó tó ṣe Aṣíyanbí nínú Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání darí ní 1993. Wọ́n ta ilẹ̀ tí kò ṣeé tà fún àwọn tó fẹ́ fi kọ́lé epo, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó tà á. A mọ ẹni tó kàn. Òun náà mọ̀. Ohun tó kù ni kí a máa wo bó ṣe ń sá, tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín bó ṣe ń sá náà. Bàbá Sàlá, ọmọ Iléṣà, ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú nínú Ọ̀run Mooru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982: aláwàdà ló kó wa lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òkú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í ṣọ́ra.

Ẹ wá wo tòde òní. Fíìmù ò tí ì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àjẹ́ ti jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, mànàmáná kọ̀ǹpútà ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, orin ń pariwo lábẹ́ ẹ̀ bíi pé a dití. Kí ló wá kù tí a ó máa bẹ̀rù fún wákàtí kan ààbọ̀? Ẹnìkan á ní Ògúnńdé náà fi àwọn àjẹ́ hàn ní gbangba nínú fíìmù rẹ̀, Aiyé. Òótọ́ ni, ó sì ti lé ní 40 ọdún. Nígbà yẹn, kí ènìyàn rí wọn lójú sinimá gan-an ni ohun ẹ̀rù. Ojú wa ti rí wọn títí ó ti sú u.

Àwọn onífíìmù á ní òǹwòran orí YouTube ò ní sùúrù, pé bí nǹkan ò bá tètè ṣẹlẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ kọjá. N ò gbà. Òǹwòran yìí kan náà ló ń wo bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 90 tó lè parí sí òdo sí òdo, tí kò ní dìde lọ tọ̀, torí góòlù lè wọlé nígbàkígbà. Ẹ fún un ní ohun tó lè wọlé nígbàkígbà, kí ẹ wá wò ó bóyá á dìde.

Mo fẹ́ kí ẹnìkan gbé ìtàn Abípa yẹn sí fíìmù, kí ó sì jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun ló ṣe é. Òkè ò wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn oníná mànàmáná á sì pèsè òkùnkùn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí ẹ ì bá ná sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi wá òṣèré mẹ́fà tó lè jókòó síwájú igbá ọtí kí wọ́n má sọ̀rọ̀.