Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Láti Ìpínlẹ̀ Mìíràn: Ẹ Má Jù Ú Nù!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn wá. Ọkọ á fi ìyàwó sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbi tó ti ń tajà, á lọ pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Kánò. Ṣé òfin gbà á? Ó gbà á o! Òfin ọdún 1970 ní ẹni tí Nàìjíríà jẹ́ ilé rẹ̀ lè pẹjọ́ ní Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ yòówù, ì báà má gbé ibẹ̀ rí. Ìgbéyàwó alárédè là ń wí o, ti ìbílẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ṣé èyí dáa? Kò dáa! Ta ni yóò san owó mọ́tò? Ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀? Bí a ò bá yọjú, wọ́n lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn wa, tọmọ tọmọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àmọ́ abala 9 òfin yìí kan náà fún kóòtù lágbára láti gbé ẹjọ́ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, bí òdodo bá bèèrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé bá dé, ẹ má ya á, ẹ má fi di àkàrà. Ẹ tètè wá lọ́yà, ẹ ní kó bá yín bẹ kóòtù kí ẹjọ́ náà wá sílé. Bí kò sówó, ẹ lọ bá FIDA, àwọn obìnrin lọ́yà.

Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, ẹ tún òfin yìí ṣe! A ò ní kí ọkùnrin má kọ̀yàwó. Ibi tí tọkọtaya ti jọ gbé kẹ́yìn ni kí wọ́n ti rojọ́.