Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kò Mọ "Ó Ti Parí"

Ní èdè Jùlá, ìtumọ̀ Boribana ni pé eré sísá ti parí. Orúkọ yìí ni àdúgbò kan ń jẹ́ ní Attécoubé, létí ọ̀sà Ebrié, ní ìlú Abidjan. Ṣùgbọ́n eré kò parí níbẹ̀: ní 2024, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò náà, àwọn olùgbé rẹ̀ sì tún ń wá ibi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Irú ìlérí tí ó wà nínú orúkọ yìí ni àwọn kan lára àwọn elégbòogi ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru: kí ó mu ìgò kan, kí ó pa oògùn òyìnbó tì, àrùn ti parí. Ìlérí yìí ni ó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé bá jà, kì í ṣe ewé.

Kò sí àní-àní pé agbára wà nínú ewé. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ènìyàn 65 tí ìfúnpá wọn ga díẹ̀. Àwọn tí ó mu ife omi ìṣápá mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èyí tí wọ́n ń pè ní bissap ní Abidjan, rí i pé nọ́ńbà òkè wọn fi nǹkan bí 7 wálẹ̀. Èrè ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ wà ní 180, tí ó bá fi 7 wálẹ̀, ṣì wà nínú ewu. Láti ara gbòǹgbò ìbátan aṣofẹ́yẹjẹ kan ní Íńdíà ni wọ́n sì ti yọ reserpine ní 1952, tí ó di oògùn ilé-ìwòsàn. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè sọ ọkàn di ahoro. Ohun tí ó lágbára láti tọ́jú ara lágbára láti pa á lára.

Inú èdè ni àṣìṣe náà ti ń jẹyọ. Ohun tí ó ru máa ń rọlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí orí bá dẹ́kun fífọ́, àwọn Yorùbá Abidjan, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó, lè gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti rọ̀, bí àwọn ará ilé wọn ní Èjìgbò ṣe lè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í sábà ké. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé bílíọ̀nù 1.28 àgbàlagbà ni ó ní in, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀. "Wò sàn" kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́, "kápá" ni. Ohun tí a kápá lónìí lè bọ́ lọ́wọ́ lọ́la. Olùkọ́ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí han akẹ́kọ̀ọ́ ti ya ẹnu fún oníṣòwò irọ́ láti fi sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò ní oògùn òyìnbó wọ́n, ewé sì wà nítòsí. Òótọ́ ni. Ẹni tí wọ́n wó ilé rẹ̀ kò sì rí ibi ìsinmi tí wọ́n ń wàásù rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àìní kò sọ irọ́ di òótọ́. Kí iyọ̀ òòjọ́ má tó gíráàmù 5, ti inú mágí pẹ̀lú. Kí dókítà mọ gbogbo àgbo tí aláìsàn ń mu. Kí oògùn má dúró láìjẹ́ pé dókítà ní kí ó dúró. Kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá. Ìwọ̀n ni yóò sọ bóyá àgbo ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó tà á. Elégbòogi tí ó bá sá fún ìwọ̀n ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.