Ẹ má jẹ́ kí «i7» kó èsúsú wa lọ



Ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ kó èsúsú, ó san 65 000 fáráǹkì fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ń lọ́ra, kí ó pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ láti i5 sí i7. Ó gbà. Ó délé, ó tan ẹ̀rọ láti kọ máàkì àwọn ọmọ sínú Excel. Ó jẹ ẹ̀kọ tán, Excel kò tíì ṣí.

A kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n tà fún un kọ́ ni ẹ̀rọ náà nílò. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. HP EliteBook 8460p ni, tòkunbọ̀ ọdún 2011. Prósẹ́sọ̀ tó bá a wá ni i5-2520M: cœur méjì, 2,5 GHz. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni i7-2620M: cœur méjì náà ni, 2,7 GHz. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣé nítorí ìyẹn ni 65 000 ṣe lọ?

Orúkọ i5 àti i7 ló ń tàn wá jẹ. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wò. 2520 jẹ́ ìran kejì, 8250 jẹ́ ìran kẹjọ. i5-8250U ní cœur mẹ́rin, ó sì fi i7 ìran kejì yẹn sílẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi sínú ẹ̀rọ àtijọ́: òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ láptọ́ọ̀pù ti rí láti nǹkan bí ọdún 2015.

Kí ẹ tó náwó, ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap pọ̀. «Gestionnaire des tâches» á ṣí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ́ra, ẹ wo Processeur, Mémoire àti Disque. Nígbà tí a wo ti ọ̀rẹ́ wa, Disque wà ní 100%, Processeur kò tó 20%. Dísìkì ayíbírí àtijọ́ ló ń fà á sẹ́yìn. Irú rẹ̀ máa ń ka nǹkan bí 100 Mo ní ìṣẹ́jú àáyá kan; SSD tó wọ ihò kan náà ń ka nǹkan bí 500. SSD kan àti RAM tó pé 8 Go ni ẹ̀rọ náà ń bẹ̀bẹ̀ fún, owó wọn kò sì tó èyí tó san.

Ẹlòmíràn á ní, «Ṣebí i7 á gba Windows 11?» Rárá o. Ní 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń gbà, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. i7 ìran kejì kò sí lára wọn.

Bí ó bá jẹ́ Processeur ló ń dúró ní 100% nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi, ẹ tọ́jú owó yín títí yóò fi tó ra tòkunbọ̀ ìran kẹjọ. Ẹ má fi ra orúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ fi Gestionnaire yẹn han oníbàárà kí ẹ tó dá iye lé e. Àwa olùkọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìlẹ̀mọ́ i7 tó ń dán lójú ẹgbẹ́ wà lára ohun tó ń wù wá. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, kí ló dé tí a kò ṣírò kí a tó san?