Ọ̀RỌ̀ OWÓ EYÍN: OHUN TÓ WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ JU ÈJE LỌ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olórí ìsọ̀ gbogbo, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́jà Kuta.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ eyín ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbogbo wa la rí bí ariwo ṣe ta ní ìpàdé tó kọjá. Àwọn kan dìde, wọ́n ní ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ yá ẹnikẹ́ni lówó tìtorí eyín mọ́ láéláé. Wọ́n ní fáàrí ni. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Kí ọjọ́ náà tó pé, àwa ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ tiwa: a ò fara mọ́ òfin yẹn rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́, eyín iwájú rẹ̀ kan kán. Ó gbọ́ pé wọ́n ti ń gbin eyín báyìí, èyí tí èèyàn ò ní máa yọ sínú omi lálẹ́. Ó lọ sí ilé ìtọ́jú eyín kan, a ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kó mú ₦350,000 wá. Ó ní ₦150,000, ẹgbẹ́ yá a ní ₦200,000. Wọ́n sì gbin nǹkan sí i lẹ́nu lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tó padà lọ gba eyín, wọ́n ní owó irin ìsàlẹ̀ nìkan ló san, eyín tó máa gun orí rẹ̀ ku ₦380,000. Títí di bí a ṣe ń kọ ìwé yìí, irin wà nínú èrìgì, àlàfo wà lókè, gbèsè wà lọ́rùn.

A ò pe àwọn yẹn ní gbájúẹ̀ o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbowó rẹ̀, wọ́n ṣe é. Wọn ò kàn sọ̀rọ̀ tán ni. Àwa náà ò béèrè tán. Àwa tí a tọwọ́ bọ̀wé kí owó ẹgbẹ́ tó jáde, a ò sọ pé kó mú ìwé iye owó wá. Ẹ̀bi tiwa wà níbẹ̀, a gbà á. Ṣùgbọ́n ṣé torí pé wọ́n ta ọjà fún wa láàbọ̀ la ṣe máa ní kí ẹnikẹ́ni má rajà mọ́? Ẹni tó bá ra léèsì mọ̀ pé owó télọ̀ ò sí nínú rẹ̀, torí gbogbo wa la mọ aṣọ. Ta ló mọ eyín nínú wa? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó ka gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi lọ wádìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Eyín gbígbìn kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ní 1952, olùwádìí kan ní Sweden, Per-Ingvar Brånemark, fi irin titanium sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́. Egungun ti dì í mú bí ilẹ̀ ṣe ń di gbòǹgbò mú. Ní 1965 ó fi ṣe eyín fún ọkùnrin kan, Gösta Larsson. Ọkùnrin yẹn lò ó títí tó fi kú ní 2006.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Èkíní, àyẹ̀wò àti fọ́tò egungun. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó ń lo oògùn kan, tàbí tó ń mu sìgá, kó má fi pamọ́ fún dókítà. Ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí níkàáwọ́ kì í jẹ́ kí egbò tètè jiná, irin náà sì lè má dúró. Èkejì, wọ́n á tọ́jú èrìgì, wọ́n á yọ kùkùté eyín. Bó bá ti pẹ́ tí eyín ti bọ́, egungun ibẹ̀ á ti fà wọlé, wọ́n lè ní láti fi nǹkan kún un. Owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀kẹta, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dunni, wọ́n á fi irin kékeré tó dà bí ìṣó oníyíyí kápẹ́ńtà sínú egungun. Ẹ̀kẹrin, ìdúró. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni, kí egungun lè dì í mú. Ẹ̀karùn-ún, wọ́n á de ọrùn mọ́ irin náà, wọ́n á wọn ẹnu, wọ́n á ṣe eyín gan-an, wọ́n á fi dé e lórí. Lẹ́yìn èyí, fífọ̀ dáadáa àti lílọ fún àyẹ̀wò títí ayé.

Ẹ rí i pé irin tí ọmọ ẹgbẹ́ wa sanwó rẹ̀, ìpele kan péré ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ló mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Òkè òkun ni irin náà ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Nítorí náà, owó tí wọ́n sọ fún aládùúgbò yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ má gbé e dání lọ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ni eyín kan báyìí, níbòmíràn ó ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ọ̀nà míì tún wà tí kò gunni lápá tó bẹ́ẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tó ń yọ wà, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà wà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. UCH Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó sanwó níbikíbi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé báàgì káàkiri ọjà pé àwọn ń lẹ eyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún wọn.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáàrí ni. Lọ́dún Iléyá, ẹgbẹ́ ń yá wa lówó ra ańkárá, kò sẹ́ni tó pè é ní fáàrí, kò sẹ́ni tó ní ká dìbò. Ẹnu la fi ń polówó ọjà. Ẹnu la fi ń bá oníbàárà nájà. Obìnrin tó ń fọwọ́ bo ẹnu lójoojúmọ́, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, ẹ ní fáàrí ló ń ṣe? Ó tì o!

Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ dìbò fún nìyí. Ẹgbẹ́ á máa yáni lówó eyín, ṣùgbọ́n owó kankan ò ní jáde àfi tí ẹni náà bá mú ìwé wá tí wọ́n kọ gbogbo owó sí, láti fọ́tò àkọ́kọ́ títí dé eyín tó gun orí irin, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí irin náà bá yẹ̀. Kó sì rí i pé dókítà náà ní ìwé àṣẹ Medical and Dental Council of Nigeria. Ilé ìtọ́jú tí kò bá lè kọ owó rẹ̀ sílẹ̀, a ò bá wọn nájà.

Ní ti ìyá elélùbọ́ wa, méjì nínú ìgbìmọ̀ máa bá a lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó san ìyókù díẹ̀díẹ̀. A ò ní fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ẹ má pẹ́ dé ìpàdé o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀.