Ikọ́ Ife àti Kòkòrò HIV: Abẹ́ Òrùlé Kan Ló Yẹ Kí Ìtọ́jú Wọn Wà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà pé jọ sí ìlú Àbújá fún ìpàdé àkànṣe Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà, OAU. Ìpàdé náà kò dá lórí àrùn éèdì nìkan. Àrùn éèdì, ikọ́ ife àti àwọn àrùn àkóràn mìíràn ni wọ́n jọ kó sínú àkọlé rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn olórí náà ti ṣèlérí pé, ó kéré tán, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè wọn ni àwọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera.

Bí wọ́n ṣe so àwọn àrùn náà pọ̀ tọ̀nà, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ara. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ, ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló ń pa àwọn tó ní kòkòrò HIV jù lọ. Ní ọdún 2023, nǹkan bí 161,000 irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló bá a lọ ní àgbáyé. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 30 tí àjọ náà kà sí ibi tí ẹrù àrùn méjèèjì ti wúwo jù lọ. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ikọ́ ife ṣeé wò sàn.

Kòkòrò ikọ́ ife lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfa àìsàn kankan, nítorí pé àwọn sójà ara ti yí i ká, wọ́n sì ti sé e mọ́. HIV ní tirẹ̀ ń pa àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní CD4, tí wọ́n jẹ́ òpómúléró ìsémọ́ náà. Bí wọ́n bá ti dínkù, ikọ́ ife a jí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bí ara bá ṣe ń bá ikọ́ ife jà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ta àwọn CD4 jí, inú àwọn CD4 tó jí yìí gan-an ni HIV sì ti ń bí sí i. Kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ a pọ̀ sí i, àrùn náà a sì máa yára. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú ń dá kún ewu náà. “Kògbóògùn” ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe àrùn éèdì. Lóòótọ́, kò tíì sí oògùn tó ń lé HIV kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n èyí tó ń ká a lọ́wọ́ kò wà, ẹni tó ń lò ó déédéé sì lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn. Nígbà tí ẹni tó ní HIV bá ń húkọ́, tó sì ń rù, tí àwọn ará ilé sọ pé kògbóògùn náà ló dé, orúkọ àrùn kan ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ìtọ́jú èkejì. Ikọ́ tí oògùn oṣù mẹ́fà ìbá wò sàn ni wọ́n jókòó tì.

Nítorí náà, ìgbàkúùgbà tí ẹni tó ní HIV bá lọ gba oògùn, ó yẹ kí wọ́n bi í bóyá ó ń húkọ́, bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ó ń rù, bóyá ó ń làágùn lóru. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ GeneXpert, tó ń fi èsì hàn láàárín wákàtí bíi méjì. Ẹni tí kò bá sì ní ikọ́ ife, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń dènà rẹ̀. Bákan náà, kí ẹni tó ní ikọ́ ife má ṣe kúrò nílé ìwòsàn láìṣe àyẹ̀wò HIV.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìtọ́jú méjèèjì kò fi gbọdọ̀ yapa. Rifampicin, oògùn ikọ́ ife, máa ń dín agbára dolutegravir, oògùn HIV, kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni aláìsàn yóò máa lo dolutegravir dípò ẹ̀ẹ̀kan. Dókítà tí kò mọ ohun tí ẹnì kejì kọ fún aláìsàn lè ṣi iṣẹ́ ṣe.

Àwọn kan lè sọ pé kíkó oníkọ́ mọ́ àwọn tí ara wọn kò le yóò tan ikọ́ ife kálẹ̀. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣíṣí, ìbòmú, àti títètè dá oníkọ́ lóhùn ni ojútùú rẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa lé aláìsàn láti ọ̀nà kan sí òmíràn.

Owó ló kù. Títí di òní, ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò tíì ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ìlera rí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé aṣòfin fi igba mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún náà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó pàjáwìrì kì í dípò ìlérí. Orúkọ Àbújá ni ìlérí ọdún 2001 ń jẹ́ káàkiri àgbáyé. Àbújá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mú un ṣẹ.